Ẹ̀yáwó ńlá ń kọjá, ti kékeré ń há: kí ló ṣe àwòrán iṣẹ́ mi?

ọmọ_ajílété (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á, ó gùn díẹ̀.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Under G, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ti ń wá tẹ iṣẹ́ àṣekágbá wọn. Ìwé títẹ̀ ló ń bọ́ mi, alẹ́ ni mo fi ń kọ kóòdù. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń ṣe irinṣẹ́ kan tí èèyàn lè fi ya bí iṣẹ́ ṣe ń kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, tí kọ̀ǹpútà á sì máa tẹ̀ lé àwòrán yẹn gan-an: kó mọ ẹni tí iṣẹ́ kàn, kó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i, kí fọ́ọ̀mù má baà sùn sábẹ́ ìwé míì lórí tábìlì. Yorùbá ni gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀. Open source ni mo fẹ́ kó jẹ́, kóòdù rẹ̀ á wà níta, ẹni tó bá wù lè gbé e kó tún un ṣe.

Ìdí tí mo fi takú sórí open source rèé. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ìyá mi wà, mi ò ní dárúkọ wọn, ti fìgbà kan ra sọ́fítíwíà lọ́wọ́ ẹnì kan. Ó ṣiṣẹ́ fún oṣù mélòó kan. Lọ́jọ́ tó kọ̀ tí kò ṣí mọ́, a pe ẹni tó kọ ọ́, nọ́ńbà rẹ̀ ò lọ. Pásíwọ́ọ̀dù wà lọ́wọ́ rẹ̀, kóòdù wà lọ́wọ́ rẹ̀, àkọsílẹ̀ owó àwọn ìyá ẹlẹ́lùbọ́ àti àwọn tíṣà sì há sínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n padà sídìí ìwé lẹ́jà. Nígbà tí mo ní mo fẹ́ ṣe òmíì fún wọn, ohun tí alága kọ́kọ́ bi mi ni pé, "Bí ìwọ náà bá japa ńkọ́?" Èsì kan ṣoṣo tí mo rí fọ̀ ni pé kóòdù náà ò ní jẹ́ tèmi nìkan.

Ó dáa. BPMN ni mo lò, àwọn àmì tí wọ́n fi ń ya iṣẹ́ tí àjọ OMG (Object Management Group) ń tọ́jú. Ẹ̀dà 2.0, tó jáde ní 2011, ni mo mú, torí pé XML, ọ̀nà ìkọ fáìlì tó wọ́pọ̀, ni fáìlì rẹ̀, irinṣẹ́ ẹlòmíì lè kà á bí tèmi bá bàjẹ́. Mo fi bpmn-js, kóòdù ọ̀fẹ́ tí àwọn ẹlòmíì ti kọ, ya àwòrán nínú bíráúsà. Ẹ̀rọ tó ń ka àwòrán náà tó sì ń mú iṣẹ́ rìn, èmi fúnra mi ni mo fi Python, èdè kóòdù kan, kọ ọ́. Mo mọ̀, mo mọ̀, ẹ máa tó bú mi lórí ìyẹn.

Ìlànà ẹgbẹ́ náà rọrùn. Ọmọ ẹgbẹ́ á gba fọ́ọ̀mù, akọ̀wé á yẹ owó tó ti fi pamọ́ wò. Bí ẹ̀yáwó ò bá ju ₦100,000 lọ, onídùúró kan ni. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, onídùúró méjì. Lẹ́yìn náà alága á buwọ́ lù ú, akápò á sanwó.

Bí mo ṣe wá yà á ni pé lẹ́yìn akọ̀wé, mo fi àmì onígun mẹ́rin tó fi igun kan dúró yẹn síbẹ̀, èyí tó ní òdo nínú. Ẹ̀ka kan jáde lọ sí "Onídùúró kìn-ín-ní fọwọ́ sí i", ìyẹn máa ń ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo. Ẹ̀ka kejì lọ sí "Onídùúró kejì fọwọ́ sí i", àfi bí owó bá ju ₦100,000 lọ ló tó ń ṣiṣẹ́. Méjèèjì wá pàdé níbi àmì onígun mẹ́rin míì, èyí tó ní àmì ìròpọ̀ nínú, kí wọ́n tó dọ́dọ̀ alága.

Mo fi ₦300,000 dán an wò, ó lọ geere. Mo fi ₦500,000 dán an wò, ó lọ. Mo gbé e fún wọn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìyá kan tó ń ra kajú lọ́wọ́ àgbẹ̀ béèrè ₦80,000. Ọjọ́ kejì ni onídùúró rẹ̀ ti fọwọ́ sí i. Láti ọjọ́ yẹn, fọ́ọ̀mù ò dé ọ̀dọ̀ alága. Kọ̀ǹpútà ò pariwo, kò gbé àṣìṣe kankan jáde, ó kàn jókòó síbẹ̀ ni. Ọjọ́ kọkàndínlógún ni ìyá náà wá bá ìyá mi nílé. Ẹ sì mọ̀ pé bí àgbẹ̀ bá gbé àpò kajú dé tí o ò lówó lọ́wọ́, ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ló máa rà á. Ojú tì mí. Ìyá mi ò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹ bá mi wò ó, kí ni mo ṣe? Mo ti ka kóòdù Python mi láti òkè délẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin.

Nǹkan kéékèèké méjì tún kù. Ní igun àwòrán tí bpmn-js ń gbé jáde, àmì kékeré "bpmn.io" wà níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n yọ ọ́, ó ní kì í jẹ́ kó dà bí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ṣé ó burú? Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ tí mo fi ṣe ògbufọ̀. Gateway, mo pè é ní "ẹnu-ọ̀nà". Swimlane, àwọn ilà gbọọrọ tó ń fi ẹni tó ni iṣẹ́ hàn, mo pè é ní "ọ̀nà ìlúwẹ̀ẹ́". Bí èèyàn bá sì wá "fọwọ́ sí i" nínú irinṣẹ́ mi, ìgbà míì ó máa ń rí i, ìgbà míì kò ní rí i, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀ kedere.

---

Ọlọ́pọ́n

Àbúrò, o kú wàhálà. Fi Python sílẹ̀, kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Inú àwòrán ni àṣìṣe wà, ẹ̀rọ rẹ ṣe ohun tí o ní kó ṣe ni.

Gbé kọ̀ǹpútà tì ná, gbé ọpọ́n ayò kalẹ̀. Ní 1962, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Carl Adam Petri kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀, inú ìwé yẹn ni àwòrán tí a ń pè ní Petri net ti ṣẹ̀. Bí o bá wò ó, ó fẹ́ẹ̀ jẹ́ ayò ọlọ́pọ́n: ihò wà, ọmọ wà nínú ihò, ohun tó lè ṣẹlẹ̀ dúró lórí ihò tó ní ọmọ nínú. BPMN náà fi irú ọmọ yìí ṣàlàyé bí iṣẹ́ ṣe ń rìn, token ni wọ́n ń pè é. Fún àwa, ọmọ ayò ni. Ìyàtọ̀ kan ni pé ọmọ 48 la fi ń ta ayò, kò sẹ́ni tó ń fi kún un láàrin eré. Nínú àwòrán iṣẹ́, oríta lè sọ ọmọ kan di méjì tàbí mẹ́ta.

Oríta ni mo pè é o. "Ẹnu-ọ̀nà" tí o lò yẹn, ẹnu-ọ̀nà a máa ṣí a sì máa tì, ibẹ̀ kọ́ ni èèyàn ti ń yan ibi tó máa yà sí. Oríta ni.

Wàyí o, wo ìyá oníkajú. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ jẹ́ ọmọ ayò kan. Ó dé oríta olódo. Oríta olódo máa ń gbin ọmọ kan sí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan tí òfin rẹ̀ bá bá a mu. ₦80,000 ò ju ₦100,000 lọ, nítorí náà ẹ̀ka kan ṣoṣo ló rí ọmọ gbà. Onídùúró fọwọ́ sí i, ọmọ yẹn dé oríta alámì-ìròpọ̀, èyí tó ní àmì + nínú. Òfin oríta yẹn le: gbogbo ojú ọ̀nà tó wọlé sọ́dọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ọmọ kó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá. Ojú ọ̀nà méjì ló wọlé. Ọmọ kan ló dé. Ó ń dúró de èkejì tí ẹnikẹ́ni ò gbìn. Bó o fi í sílẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀, ibẹ̀ ló máa wà. Ẹ̀yáwó ńlá ń kọjá torí pé ọmọ méjì ló ń dé, owó ńlá nìkan lo sì fi dán an wò.

Má sáré lọ fi oríta alámì-ìlọ́po, èyí tó ní àmì × nínú, rọ́pò rẹ̀ o! Ohun tí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń ṣe nìyẹn. Oríta yẹn ò dúró de ẹnikẹ́ni, ọmọ tó bá dé, ó kọjá. Ti ìyá oníkajú á lọ dáadáa. Àmọ́ ẹni tó yá ₦500,000, ọmọ rẹ̀ méjì ló máa kọjá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, alága á buwọ́ lù ú lẹ́ẹ̀mejì, akápò á sanwó lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà yẹn, ìyá rẹ nìkan kọ́ ló máa bínú.

O lè fi oríta olódo pa á dé, òun náà mọ bí wọ́n ṣe ń dúró de iye ọmọ tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n láti mọ̀ bóyá ọmọ míì ṣì ń bọ̀, ó ní láti wo ẹ̀yìn jìnnà nínú àwòrán, ó sì le láti kọ kóòdù rẹ̀ dáadáa. Èmi kì í lò ó bí mo bá lè yẹra fún un. Ṣe é báyìí: lẹ́yìn akọ̀wé, fi oríta alámì-ìlọ́po, kí ọmọ yan ọ̀nà kan ṣoṣo. Ọ̀nà ẹ̀yáwó kékeré ní onídùúró kan, ó tán. Ọ̀nà ẹ̀yáwó ńlá, fi oríta alámì-ìròpọ̀ ṣí i sí méjì, onídùúró kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ka tirẹ̀, kí o sì fi alámì-ìròpọ̀ pa á dé. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ọ̀nà kékeré àti ọ̀nà ńlá wá pàdé níbi alámì-ìlọ́po míì. Irú oríta tí o fi ṣí i ni kí o fi pa á.

Wil van der Aalst, onímọ̀ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí gbajúmọ̀ láti àwọn ọdún 1990, béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ àwòrán iṣẹ́ tó bá yè kooro. Ibi yòówù kí ọmọ wà, kó ṣì lè dé òpin. Nígbà tó bá dé òpin, kí ọmọ kankan má ṣẹ́ kù sẹ́yìn. Kí iṣẹ́ kankan má sì wà tí ọmọ ò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láéláé. Tìrẹ ṣubú níbi àkọ́kọ́.

Fi àfikún tí wọ́n ń pè ní bpmn-js-token-simulation sínú irinṣẹ́ rẹ. Wàá fi ojú ara rẹ rí ọmọ bó ṣe ń rìn. bpmnlint, irinṣẹ́ tó ń yẹ àwòrán wò, dára, á bá ọ mú iṣẹ́ tí kò lórúkọ tàbí àwòrán tí kò ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n má retí pé ó máa bá ọ mú irú èyí.

---

ọmọ_ajílété

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an. Mo fi àfikún yẹn sí i lálẹ́ yìí kí iná tó lọ. Mo fọwọ́ yan ẹ̀ka kan ṣoṣo níbi oríta olódo, mo jẹ́ kó máa rìn. Ó rìn, ó dé ibi àmì ìròpọ̀, ó dúró. Mo jókòó tì í, èmi àti ọmọ ayò yẹn jọ ń wo ara wa. Gbogbo ọjọ́ mọ́kàndínlógún yẹn rèé.

"Oríta", mo ti gbà á.

---

Ìyá Akọ̀wé (Ọ̀yọ́)

Mo kí gbogbo ilé. Ọmọ mi ló ṣí ibi yìí hàn mí lórí fóònù torí pé ó rí ọ̀rọ̀ alájẹṣẹ́kù níbẹ̀. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń ṣe akọ̀wé fún ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà kan níbí. Mi ò gbọ́ Python, mi ò sì mọ XML. Onídùúró ni mo mọ̀.

Ọmọ mi, lọ́dọ̀ tìrẹ, onídùúró fọwọ́ sí i, ó di ọ̀dọ̀ alága. Ta ló sọ fún ọ bẹ́ẹ̀? Bí fọ́ọ̀mù bá dé ọwọ́ mi tòun ti ìfọwọ́sí, n kì í gbé e kúrò nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Màá dúró di alẹ́, nígbà tí ẹni tó fẹ́ yáwó ò ní sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ onídùúró, màá wá pè é lórí fóònù. "Ṣé ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i? Ṣé ẹ mọ iye tó jẹ́?" Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti pe ẹni tó ní òun ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan náà, ọkọ ló fọwọ́ sí i lórúkọ ìyàwó, ìyàwó wà lọ́jà Akẹ̀sán, ọjà ló ń tà ní tirẹ̀. Òun náà ní, "Onídùúró bí i ti báwo?" Ìpè alẹ́ yìí ò sí nínú ìwé òfin ẹgbẹ́ wa. Bí o bá bi alága wa, kò ní rántí sọ ọ́ fún ọ. Mo rò pé akọ̀wé tiyín náà ní èyí tó ń ṣe tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ jókòó tì í lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gba fọ́ọ̀mù, má bi í ní ìbéèrè, ṣáà máa wò ó.

Onídùúró tó bá ní òun ti yí èrò padà ńkọ́? Ọfà wo lo yà fún un? Onídùúró tó lọ sóko tí fóònù rẹ̀ ò lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì ńkọ́? Tún wá wo èyí: Lágbájá dúró fún Tàmẹ̀dò, Tàmẹ̀dò náà dúró fún Lágbájá. Ìfọwọ́sí pé, kò sí ayédèrú níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí àwọn méjèèjì bá jẹ gbèsè, ta la fẹ́ mú? Kọ̀ǹpútà rẹ yẹ kó lè rí ìyẹn ju èmi lọ, torí pé èmi, ìwé mẹ́ta ni mo ní láti ṣí kí n tó rí i.

Ní ti "ọ̀nà ìlúwẹ̀ẹ́", mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Odò wo là ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀? Ṣé o ò dé oko rí ni? Poro ni. Ẹnì kan gba poro tirẹ̀, èkejì gba poro tirẹ̀, kálukú ń ro tirẹ̀ lọ. Poro alága, poro akápò, poro akọ̀wé. Bí o bá pè é bẹ́ẹ̀, mo lè ka àwòrán rẹ láìsí pé ẹnikẹ́ni ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

---

Ọlọ́pọ́n

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo dọ̀bálẹ̀.

Àbúrò, kọ ìpè alẹ́ yẹn síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan nínú poro akọ̀wé, kí oríta alámì-ìlọ́po tẹ̀ lé e: ó gbà, tàbí ó kọ̀. Fún onídùúró tó lọ sóko, so aago mọ́ etí iṣẹ́ rẹ̀, kí o kọ P7D sínú rẹ̀, ìyẹn ọjọ́ 7. Bí aago bá dún, kí ọmọ gba ibòmíì.

Níbo ni ọ̀nà "ó kọ̀" ń lọ o? Nínú ẹ̀yáwó ńlá, má ṣe yà á padà sẹ́yìn oríta alámì-ìròpọ̀ tó ṣí i. Bí onídùúró kejì bá kọ̀ tí o gbé ọmọ rẹ̀ padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ onídùúró kìn-ín-ní ti wà níwájú, ó ń dúró. Ọmọ tó padà á tún pín sí méjì, o ti ní mẹ́ta lórí ọpọ́n. Inú ẹ̀ka tirẹ̀ ni kó yí po sí: "Wá onídùúró míì", kó tún padà sí ìfọwọ́sí, láàrin oríta méjèèjì náà. Àlejò ò gbọdọ̀ gba ojú fèrèsé jáde nínú ilé tó bá gba ẹnu ọ̀nà wọlé.

---

kóòdù_níta

Ẹ jẹ́ kí n mú ti láísẹ́ǹsì, òun ni mo mọ̀.

Má yọ àmì bpmn.io kúrò. Wọ́n fún ọ láyè láti lo bpmn-js lọ́fẹ̀ẹ́, láti tún un ṣe, àní láti fi ṣòwò. Ohun kan tí wọ́n wá bẹ̀bẹ̀ fún, tí wọ́n sì kọ sínú láísẹ́ǹsì gbangba, ni pé kóòdù tó ń gbé àmì náà jáde, kí ẹnikẹ́ni má yọ ọ́, kí wọ́n má yí i padà, kí wọ́n má sì fi nǹkan bò ó. Ó dà bí ẹni tó fún ọ ní ilé gbé láìgba owó, tó ní kí o ṣáà fi orúkọ òun sílẹ̀ lára ògiri. Ọ̀rẹ́ rẹ fẹ́ fi ọ́ sínú ẹjọ́ ni.

Ìwọ náà, mo wo ibi tí o kó kóòdù rẹ sí. Fáìlì láísẹ́ǹsì ò sí níbẹ̀! Kóòdù tó wà níta láìní láísẹ́ǹsì kì í ṣe open source. Ẹ̀tọ́ onínǹkan ṣì wà lórí rẹ̀ látòkè délẹ̀, ẹni tó bá gbé e lò láìgba àyè ń rú òfin ni. Lọ fi láísẹ́ǹsì Apache 2.0 síbẹ̀ lónìí, ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ alága yẹn fò ọ́ dá. Bí o bá japa, kóòdù tó wà níta ò ní ran ìyá ẹlẹ́lùbọ́ lọ́wọ́ bí pásíwọ́ọ̀dù bá wà lọ́wọ́ rẹ nìkan. Ẹni méjì nínú ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ní in, kí bọ́tìnnì kan sì wà tó ń kó gbogbo àkọsílẹ̀ jáde sínú fáìlì tí wọ́n lè tẹ̀ sórí bébà.

Ní ti ẹ̀rọ tí o fúnra rẹ kọ, mi ò ní bú ọ, gbogbo wa la ti ṣe é rí. Ṣùgbọ́n wo SpiffWorkflow, ẹ̀rọ irú tìrẹ tí wọ́n ti kọ sílẹ̀. Python ni, open source ni, ó ń ka BPMN, ó sì lè kó ibi tí iṣẹ́ dé sínú fáìlì JSON. Bí iná bá lọ láàrin kan, nígbà tó bá dé, á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró sí. Àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi Java, èdè kóòdù míì, kọ lágbára jù ú lọ, ìran wọn sì gùn: Activiti bẹ̀rẹ̀ ní 2010, Camunda yà kúrò lára rẹ̀ ní 2013, Flowable náà yà ní 2016. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Camunda fi òpin sí ẹ̀dà ọ̀fẹ́ Camunda 7 ní 2025, àwọn kan ti gbé kóòdù rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tuntun, Operaton, wọ́n ń bá a lọ. Láísẹ́ǹsì ló fún wọn ní agbára yẹn. Àmọ́ fún ẹgbẹ́ kan tó ní láptọ́ọ̀pù kan, Java ti tóbi jù.

Má sì rò pé iṣẹ́ rẹ kéré. Oryx, ọ̀kan nínú àwọn irinṣẹ́ àkọ́kọ́ tó ń ya BPMN nínú bíráúsà, ilé ẹ̀kọ́ Hasso Plattner Institute ní Potsdam ló ti jáde, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà nídìí rẹ̀. Àwọn kan lára wọn dá ilé iṣẹ́ Signavio sílẹ̀ ní 2009, SAP, ilé iṣẹ́ sọ́fítíwíà ńlá ti Jámánì, sì rà á ní 2021.

Ti "fọwọ́ sí i" tó ń sọnù: "ọ́" ò ní ẹyọ àmì kan ṣoṣo nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà. Bọ́tìnnì fóònù kan lè kọ "ọ" tó ní ẹsẹ̀ kó wá fi àmì ohùn lé e, òmíì á kọ "ó" kó wá fi ẹsẹ̀ sí i nísàlẹ̀. Lójú wa bákan náà ni, lójú kọ̀ǹpútà ọ̀rọ̀ méjì ni. Kí o tó tọ́jú ọ̀rọ̀, kí o sì tó wá a, fi normalize("NFC") sọ méjèèjì di ọ̀kan.

---

ọmọ_ajílété

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Màmá, mo kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ti fi láísẹ́ǹsì síbẹ̀. Àmì bpmn.io ò lọ ibì kankan. NFC ti ṣiṣẹ́, wákàtí méjì ni mo fi wá ohun tí ọ̀rọ̀ kan tó báyìí tún ṣe. Ẹ̀rọ mi, mo ti tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, SpiffWorkflow ni mò ń kọ́ báyìí. Ó dùn mí díẹ̀, mo fi oṣù mẹ́rin kọ nǹkan yẹn.

Mo lọ jókòó ti akọ̀wé wa bí Màmá ṣe wí. Kì í pè wọ́n lálẹ́ ní tirẹ̀. Ó máa ń rán ọmọ rẹ̀ lọ sílé onídùúró pẹ̀lú fọ́ọ̀mù, ọmọ á ní, "Màámi ní kí n kí yín, wọ́n ní ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Bí onídùúró bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ á padà wálé. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tó ti ń ṣe é. Alága ò gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Wọ́n ń kì wá ní ajílété, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mùkọ yangan, kò yẹ kó yà mí lẹ́nu pé ètò tiwa yàtọ̀ sí ti Ọ̀yọ́. Mo ti fi poro kan kún un, "Poro ọmọ akọ̀wé". Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ní kí n má yọ ọ́.

Mo tún àwòrán yà bí Ẹ̀gbọ́n Ọlọ́pọ́n ṣe là á sílẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí mo dán an wò pẹ̀lú owó kékeré ṣáájú: ₦20,000 kọjá, ₦80,000 kọjá, ₦100,001 béèrè onídùúró méjì. Mo wá fi ₦100,000 géérégé sí i, onídùúró kan ló béèrè. Mo ní kí n kàn bi wọ́n léèrè, kí n lè sùn. Akọ̀wé ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹnì kan ni. Akápò tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbé ojú sókè, ó ní rárá o, láti ìgbà tí òun ti ń ṣe akápò, méjì ni òun ń gbà fún ₦100,000. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìwé lẹ́jà. Mo rí i pé àwọn kan gba ₦100,000 pẹ̀lú onídùúró kan, àwọn kan pẹ̀lú méjì, gbogbo rẹ̀ dúró lórí ẹni tó wà ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà.

Alága ti pe ìpàdé sí Sátidé. Oríta yẹn ṣì wà lórí àwòrán láìní ọ̀rọ̀ lára. Ìyá oníkajú ti gba owó rẹ̀, ó ní kí n máa bọ̀ wá mú ẹ̀pà.